Olùdarí Tó Ń Rìn Lórí Ìlà

Ẹ fara balẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ gbọ́ bí èèyàn ṣe ń gòkè títí tó fi bá ara rẹ̀ nínú kòtò. Ilé-iṣẹ́ omi kan wà nínú ìlú kan, olùdarí kan sì wà níbẹ̀ tí kì í dúró sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ bá èèyàn sọ̀rọ̀. Bó bá fẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ kú àárọ̀ lásán, yóò kọ́kọ́ wá àtẹ̀gùn. Ìpele kẹta ló máa ń dúró sí. Ó ní ti àkọ́kọ́ ń mú òun jọ akọ̀wé, ti ìkejì sì ń mú òun jọ igbákejì ara òun. Níbi tí kò bá sí àtẹ̀gùn, àpótí kan wà tí wọ́n fi kápẹ́ẹ̀tì pupa bò, wọ́n á gbé e tẹ̀ lé e. Tó bá ti yí ẹ̀yìn padà, Má-wálẹ̀ làwọn òṣìṣẹ́ ń pè é. Níwájú rẹ̀, oyè tí wọ́n ń kà fún un gùn débi pé tíì rẹ̀ á ti tutù kí wọ́n tó kà á tán.

Nínú yàrá kékeré kan lẹ́yìn ibi tí wọ́n ń kó fáìlì sí, tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ògiri, obìnrin kan jókòó níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Onígíráàfù. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa kó gbogbo iye tí ilé-iṣẹ́ bá kà jọ, kó kọ kóòdù fún kọ̀ǹpútà, kí kọ̀ǹpútà sì fa iye náà ní ìlà, kí ẹni tí ìṣirò kò yé pàápàá lè fojú rí i. Kì í ṣe aláriwo. Tí ẹ bá bá a tó ń dá rẹ́rìn-ín níwájú kọ̀ǹpútà, ìlà kan ló ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ òótọ́ fún un.

Lọ́dún tí à ń wí yìí, ìlà kan ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Páìpù kan bẹ́ ní òpópónà tí ìyá rẹ̀ ń gbé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin tó ń rán bàtà, ó sì ti di oṣù kan ààbọ̀ tí kò sẹ́ni tó wá yọjú sí i. Ìyá náà ti lé ní àádọ́rin ọdún. Òkè méjì ló ń gùn pẹ̀lú báàkẹ́ẹ̀tì kó tó rí omi bọ́jú.

Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni ìgbìmọ̀ aráàlú máa ń wá sí ilé-iṣẹ́ náà láti pín páìpù tuntun. Wọn kì í ka ìwé. Wọ́n á jókòó, wọ́n á wo ohun tí wọ́n bá gbé sára ògiri, àdúgbò tí ògiri bá sì sọ pé ó ń jìyà ni wọ́n máa fún. Lọ́dún tó ṣáájú, Má-wálẹ̀ ní kí wọ́n fi òdòdó ṣe gbogbo àtẹ ìlà tó wà lára ògiri náà lọ́ṣọ̀ọ́. Ìgbìmọ̀ wò ó, wọ́n ní ibi tí òdòdó pọ̀ tó báyìí, omi ò lè wọ́n níbẹ̀. Páìpù gbogbo bá lọ síbi ọ̀ṣọ́ omi kan tó ń fò sókè níwájú ọ́fíìsì olùdarí. Ó ṣì ń fò títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, kò sì tíì bọ́jú fún ẹnikẹ́ni.

Ìyá Onígíráàfù pè é lórí fóònù.

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ilé-iṣẹ́ omi náà lo ṣì wà, àbí o ti kúrò níbẹ̀ tí o ò sọ fún mi?"

"Ibẹ̀ náà ni mo wà, Màmá."

"Ó dáa. Mo kàn ní kí n béèrè ni. Ọmọ obìnrin tó ń gbé nísàlẹ̀ wa lọ́hùn-ún ń ṣiṣẹ́ ní ilé búrẹ́dì, ìyá ẹ̀ sì ti sanra."

"Ìgbìmọ̀ ń bọ̀ lọ́sẹ̀ mẹ́ta sí i, Màmá. Mo fẹ́ gbé ìlà yín síwájú wọn."

"Ìlà," ni ìyá náà wí. "Omi ni mo béèrè."

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Má-wálẹ̀ dé láti ìpàdé ọlọ́jọ́ mẹ́ta kan tí wọ́n ṣe ní ìlú mìíràn. Kò gbọ́ nǹkan kan nínú ohun tí wọ́n sọ níbẹ̀, torí kò sí àtẹ̀gùn nínú gbọ̀ngàn náà, ọkàn rẹ̀ ò sì balẹ̀. Ṣùgbọ́n ó rí nǹkan kan, ohun tó rí yìí ló sì gbé e wá sí yàrá Onígíráàfù fúnra rẹ̀, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́fà. Ó wo ilẹ̀, kò rí àtẹ̀gùn, ó bá gun páálí ìwé tí wọ́n fi ń tẹ̀wé.

"Onígíráàfù, mo rí katakata kan."

"Ẹ káàbọ̀, sà."

"Katakata lásán o. Kò kàwé, kò nípò. Wọ́n gbé àwòrán rẹ̀ lé orí ìlà àwọn àgbẹ̀ lára ògiri, taya rẹ̀ ń yí, ó ń rìn lọ láti oṣù dé oṣù, àwọn èèyàn sì ń pàtẹ́wọ́ fún un. Mo wá bi ara mi léèrè pé bí wọ́n bá lè ṣe báyìí fún katakata, kí ni wọ́n máa ṣe fún mi?"

Akọ̀wé àdáni rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, ọkùnrin tín-ín-rín kan tó máa ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, tí gbogbo ilé-iṣẹ́ ń pè ní Bẹ́ẹ̀-ni-sà. "Wọ́n máa dìde ni, sà," ló wí. "Àwọn tó ti wà lóròó tẹ́lẹ̀ á jókòó ná, kí wọ́n lè tún dìde."

Onígíráàfù ní ó ṣeé ṣe. "A ó ya yín ní fọ́tò mẹ́ẹ̀ẹ́dógún bí ẹ ṣe ń gbẹ́sẹ̀, sà. Kọ̀ǹpútà á máa ṣí wọn ní kíákíá, ọ̀kan tẹ̀ lé ìkejì, ojú á sì rò pé ẹ ń rìn ni. Lẹ́yìn náà ni màá kọ ọ́ sínú kóòdù pé ní oṣù báyìí, ní iye báyìí, kó gbé àwòrán yín síbẹ̀. Ibi tí iye bá lọ ni ẹ̀yin náà á lọ."

"Ibi tí mo bá lọ ni iye á lọ," ni Má-wálẹ̀ bá a tún un ṣe.

Bẹ́ẹ̀-ni-sà kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọjọ́ kejì ni wọ́n ya fọ́tò nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n ní kí olùdarí máa rìn lójú kan, kó máa juwọ́. Ìṣòro ò sí títí wọ́n fi dé fọ́tò kẹẹ̀ẹ́dógún. Níbẹ̀ ló yẹ kó gbé ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ sílẹ̀ padà síbi tó wà nínú fọ́tò kìíní, kí ìrìn náà lè máa yí po láìjá. Má-wálẹ̀ dúró sójú kan, ẹsẹ̀ òsì lókè.

"Kí n padà síbi tí mo ti bẹ̀rẹ̀? Láti ọjọ́ tí mo ti wọṣẹ́, ta ló rí mi rí kí n padà síbi tí mo ti bẹ̀rẹ̀?"

"Fọ́tò lásán ni, sà."

"Bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mẹ́rìnlá ti tó."

Bí wọ́n ṣe fi í sílẹ̀ nìyẹn. Tí àwòrán rẹ̀ bá wá rin fọ́tò mẹ́rìnlá tán nínú kọ̀ǹpútà, á ta gìrì, á tún bẹ̀rẹ̀, bí ẹni tí òsúkè ń ṣe. Àwọn ọ̀gá kéékèèké pé jọ, wọ́n wo òsúkè náà, wọ́n yìn ín. Ọ̀kan ní agbára ló ń jà nínú rẹ̀. Òmíràn ní òun náà fẹ́ràn kí nǹkan máa ta gìrì.

"Ẹ̀ẹ̀melòó ni kó rìn kó tó dúró, sà?" ni Onígíráàfù béèrè.

"Dúró? Ta ló fẹ́ kí n dúró?"

"Tí a ò bá fẹ́ kó dúró láé, òdo ni a máa ń kọ síbẹ̀, sà."

Ojú Má-wálẹ̀ le. "Òdo. Èmi."

"Bí kọ̀ǹpútà ṣe ń kà á nìyẹn, sà. Tó bá rí òdo, á máa tún un ṣe láìdáwọ́ dúró."

Olùdarí àti Bẹ́ẹ̀-ni-sà lọ sí kọ̀rọ̀, wọ́n sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Nígbà tí wọ́n padà dé, Má-wálẹ̀ ní, "Kọ òdo náà. Ṣùgbọ́n lẹ́tà ńlá ni kí o fi kọ ọ́."

Ìlà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e lé ni ti iye ẹ̀rọ omi tó ń ṣiṣẹ́ nínú ìlú. Láàárín oṣù mẹ́fà, ìlà náà ti wálẹ̀ bí ẹni tó ń yọ̀ lórí àpáta. Olùdarí kékeré inú kọ̀ǹpútà bá gbéra lókè, ó ń juwọ́, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì rìn wálẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ títí ó fi dé ìsàlẹ̀ pátápátá.  Bẹ́ẹ̀-ni-sà ń wo okùn bàtà rẹ̀.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ìwé àṣẹ ti jáde, òǹtẹ̀ mẹ́ta ló wà lára rẹ̀: Láti òní lọ, ìlà kankan kò gbọdọ̀ sọ̀kalẹ̀ nígbà tí Olùdarí bá wà lórí rẹ̀.

"Wá ìlà tó ń gòkè," ló sọ fún Onígíráàfù.

"Ẹyọ kan ló ń gòkè nínú gbogbo ilé-iṣẹ́ yìí, sà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó jẹ́ fún yín. Iye ọjọ́ tí páìpù tó bẹ́ ń..."

"Ṣé ó ń gòkè?"

"Ó ń gòkè gan-an, sà, àmọ́ iye ọjọ́ tí àwọn èèyàn fi ń dúró..."

"Mo ní ṣé ó ń gòkè."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ó tán."

Onígíráàfù tún kọ ọ́ sínú ìwé. Àṣà ilé-iṣẹ́ náà ni pé gbogbo àtẹ ló ní ìwé kan tí ẹni tó yà á àti ẹni tó fàṣẹ sí i máa ń buwọ́ lù. Ó kọ ohun tí ìlà náà jẹ́ síbẹ̀ gàdàgbà gadagba. Má-wálẹ̀ buwọ́ lù ú láìkà á, torí àwòrán ara rẹ̀ ló ń wò. Ẹ má bínú sí i. Ẹ̀yin náà ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń wo fọ́tò tí ẹ bá ya pẹ̀lú ẹni mẹ́wàá.

Lẹ́yìn náà ló tẹjú mọ́ ìsàlẹ̀ àtẹ. "Kí ni àwọn kókòrò tó wà lábẹ́ bàtà mi yìí?"

"Ọ̀rọ̀ ni, sà. Òun ló ń sọ ohun tí ìlà náà ń kà."

"Ó ń bo bàtà mi. Yọ ọ́. Yọ àwọn nọ́ńbà ẹ̀gbẹ́ yẹn náà, wọ́n ń wò mí."

"Sà, tí a bá yọ ọ́, ìgbìmọ̀ ò ní mọ̀ pé àwọn kan ń jìyà níbì kan."

"Ìdí tí mo fi wà níbẹ̀ nìyẹn. Tí wọ́n bá ti rí mi, wọn ò ní rántí ìyà." Ó sọ̀ kalẹ̀ kúrò lórí páálí, ó rántí, ó tún gùn ún padà. "Ẹni tó bá lanu lọ́jọ́ náà láìjẹ́ pé wọ́n bi í ní nǹkan, ìpẹ̀kun ìlú ni yóò ti máa ka mítà títí tó fi máa fẹ̀yìn tì."

Onígíráàfù padà sí yàrá rẹ̀. Kò pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́. Ó kàn fi àmì kan sí iwájú rẹ̀ nínú kóòdù, òmíràn sí iwájú àwọn nọ́ńbà, ìlà kéékèèké méjì tó dábùú méjì. Kọ̀ǹpútà kì í ka ohunkóhun tó bá wà lẹ́yìn àmì yẹn, á fò ó bí ẹni tí kò rí i. Ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀, kò sì sí níbẹ̀. Ó jókòó, ó ń wo olùdarí kékeré tó ń gun oṣù kan ààbọ̀ ìyá rẹ̀ lọ sókè, ó ń juwọ́. Tí ìgbìmọ̀ bá fi lè wo èyí pàtẹ́wọ́, òkè méjì àti báàkẹ́ẹ̀tì náà ló kù fún ìyá rẹ̀ títí di ọdún tó ń bọ̀.

Ọjọ́ pé. Ìgbìmọ̀ dé. Alága tuntun ni wọ́n ní lọ́dún yẹn, ìyá àgbà kan tó fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní ìṣirò kó tó fẹ̀yìn tì, tí gbogbo èèyàn ṣì ń pè ní Tíṣà. Má-wálẹ̀ gun àpótí kápẹ́ẹ̀tì pupa. Ẹ̀rọ àwòrán tó wà lábẹ́ àjà tan iná sára ògiri, olùdarí kékeré yọ ní ìsàlẹ̀ apá òsì tòun ti kóòtù rẹ̀. Ó gòkè. Ó ṣe òsúkè. Ó tún gòkè.

"Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ ọlọ́lá," ni olùdarí ńlá bẹ̀rẹ̀, "ohun tí ẹ ń wò yìí kì í ṣe àwòrán. Èmi ni. Ní oṣù kìíní, mo wà nísàlẹ̀ bí ẹnikẹ́ni nínú yín. Ẹ wo oṣù kẹta. Ẹ wo bí mo ṣe fi ẹsẹ̀ le oṣù kẹfà. Ta ló tì mí? Kò sí. Ta ló fà mí? Kò sí. Gbogbo gíga yìí, láti ìsàlẹ̀ dókè, ọwọ́ mi ló ti wá, èmi fúnra mi ni mo sì buwọ́ lù ú."

Àwọn ọ̀gá kéékèèké dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́. Àwọn tó ti wà lóròó jókòó, wọ́n tún dìde.

Tíṣà nu gíláàsì ojú rẹ̀. "Ó dára. Kí lẹ ń gùn?"

"Ìtẹ̀síwájú ni, Màmá."

"Mo gbọ́. Ní oṣù kẹta, ìtẹ̀síwájú mélòó lẹ ní, kí n lè kọ ọ́ sílẹ̀?"

"Ó pọ̀, Màmá."

"Mo ti kọ 'ó pọ̀'. Mélòó?"

Má-wálẹ̀ yíjú sí akọ̀wé rẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ni Bẹ́ẹ̀-ni-sà wí, torí ìyẹn nìkan ló mọ̀ ọ́n sọ.

"Ta ló fa ìlà yìí?" ni Tíṣà béèrè.

Onígíráàfù dìde. Ó rí ìpẹ̀kun ìlú àti mítà rẹ̀ kedere. Ó sì rí báàkẹ́ẹ̀tì. Wọ́n kúkú ti bi í ní nǹkan.

"Èmi ni, Màmá."

"Ìlà kí ni?"

"Ó lórúkọ, Màmá. Wọ́n ní kí n fi pa mọ́ ni. Ṣé kí n ṣí i?"

"Ṣí i, ọmọ mi."

Ìka kan ló lò. Ó pa àmì kìíní rẹ́, ó pa ìkejì, ó ní kí kọ̀ǹpútà tún un kà. Ọ̀rọ̀ bá yọ lábẹ́ bàtà olùdarí kékeré, nọ́ńbà sì tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Tíṣà kà á sókè bí ìgbà tó wà níwájú kíláàsì. "Iye ọjọ́ tí aráàlú fi ń dúró kí á tó tún páìpù tó bẹ́ ṣe. Oṣù kìíní, ọjọ́ márùn-ún. Oṣù kẹfà, ọjọ́ mọ́kànlélógójì." Ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀. "Gbogbo gíga yìí, ẹ ní ọwọ́ yín ló ti wá."

Lórí ògiri, olùdarí kékeré dúró lé ọjọ́ kọkànlélógójì, ó ń juwọ́ sí ìgbìmọ̀, ó ṣe òsúkè.

"Dá a dúró," ni Má-wálẹ̀ wí lóhùn ìsàlẹ̀.

"Òdo lẹ ní kí n kọ, sà."

"Pẹ̀lú lẹ́tà ńlá," ni Bẹ́ẹ̀-ni-sà rán wọn létí.

"Ẹ má wulẹ̀ pa á," ni Tíṣà wí. "Mo ṣì ń kọ ọ́ sílẹ̀."

Bẹ́ẹ̀-ni-sà ò mọ ohun tí ó tún máa ṣe. Ó sáré lọ síwájú ògiri, ó na apá méjèèjì, ó fẹ́ fi ara bo ọ̀gá rẹ̀. Ẹ̀rọ náà ò mọ ìyàtọ̀ láàárín ògiri àti ṣẹ́ẹ̀tì funfun. Olùdarí kékeré bẹ̀rẹ̀ láti ìbàdí akọ̀wé, ó gba ikùn kọjá, ó gun àyà rẹ̀, ó dúró lórí imú rẹ̀, ó ń juwọ́, nọ́ńbà mọ́kànlélógójì sì tàn yòò níwájú orí rẹ̀. Tíṣà ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, kò sẹ́ni tó tún lè dá ẹnikẹ́ni dúró. Má-wálẹ̀ rọra sọ̀ kalẹ̀ lórí àpótí rẹ̀. Ìgbà yẹn làwọn òṣìṣẹ́ tó ti lo ọdún mẹ́fà níbẹ̀ mọ̀ pé ọkùnrin náà ò ga ju àwọn lọ.

Ìgbìmọ̀ ò lé e. Tíṣà ò gbà gbọ́ nínú kí wọ́n máa lé ọmọ tó bá gba òdo kúrò ní kíláàsì, ó ní kó tún ìṣirò náà ṣe ni. Wọ́n gba àga olùdarí lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n fi í ṣe alábòójútó àwọn tó ń tún páìpù ṣe, títí ìlà náà fi máa padà sí ọjọ́ márùn-ún. Wọ́n fagi lé ìwé àṣẹ olóǹtẹ̀ mẹ́ta. Páìpù tuntun lọ sí àwọn òpópónà tó ti pẹ́ jù tí wọ́n ti ń dúró. Àwòrán náà ni wọn ò yọ. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ń fi àtẹ náà ránṣẹ́ sí fóònù aráàlú, olùdarí kékeré lórí rẹ̀, orúkọ ìlà lábẹ́ bàtà rẹ̀. Bẹ́ẹ̀-ni-sà rí ọ̀gá tuntun, obìnrin ni, ó sì ti ń sọ "Bẹ́ẹ̀ ni, mà" dáadáa.

Ní ọjọ́ kìíní níbi iṣẹ́ tuntun rẹ̀, Má-wálẹ̀ wá àtẹ̀gùn. Ọ̀kan wà níbẹ̀ lóòótọ́, inú kòtò ló kọrí sí. Ó wọ bàtà rọ́bà tó dé orúnkún, ó bá a wọlẹ̀. Láàárín oṣù mẹ́rin, ìlà wálẹ̀ sí ọgbọ̀n, ó wálẹ̀ sí mọ́kàndínlógún, ó wálẹ̀ sí mẹ́jọ, òun náà ń rìn wálẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ lórí fóònù gbogbo èèyàn, ó ń juwọ́. Nígbà tí wọ́n dé òpópónà ìyá Onígíráàfù, ọkùnrin tó ń rán bàtà yọ orí lókè kòtò.

"Ọ̀gá, ẹ kú ìsọ̀kalẹ̀ o."

"O ṣé," ló dáhùn, ó ń nu ẹrẹ̀ lójú. "Na sípánà yẹn sí mi."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, omi yọ. Ìyá Onígíráàfù bu ife kìíní, ó gbé e lọ sí etí kòtò. Ó wo ọkùnrin náà, ó wo fóònù ọwọ́ rẹ̀, ó tún wò ó.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ ń rìn níbí yìí?"

"Èmi ni, Màmá."

"Láti ìgbà tí mo ti ń wò yín, ẹ ò jókòó."

Ọkùnrin náà mu omi náà tán, ó jókòó sí etí kòtò, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wà nísàlẹ̀.

Nígbà tí Onígíráàfù wá kí ìyá rẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀, ìlà ti dé ọjọ́ márùn-ún. Ìyá náà gbé fóònù síwájú rẹ̀. "Ìwọ ọmọ yìí, ó ti tó. Jẹ́ kó sinmi."

Onígíráàfù ṣí kọ̀ǹpútà lórí tábìlì ìdáná, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi tó ń kán. Ó wá òdo náà rí, ó pa á rẹ́, ó kọ oókan síbẹ̀. Olùdarí kékeré rìn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó juwọ́, ó dúró. Kò ṣe òsúkè mọ́. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ nìkan ló ṣì wà lókè, torí fọ́tò kẹẹ̀ẹ́dógún tí kò jẹ́ kí wọ́n yà.

Ìyá náà sún mọ́ ọn, ó wò ó. "Ó dà bí ẹni tó ṣì fẹ́ gun nǹkan."

"Ẹ fi í sílẹ̀, Màmá. Kò sí àtẹ̀gùn níbẹ̀."